Onígbọ̀wọ́, Owó Àsansílẹ̀ àti Àlejò: Ìtàn Ilé Yíyá Gbé ní Ìlú Èkó láti 1861

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí rọrùn fún ẹni tí ó wà ní ìlú baba rẹ̀, nítorí pé bí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, igun kan kò ní ṣàìsí fún un nínú agboolé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́, òwò tàbí ẹ̀kọ́ gbé lọ sí ìlú tí kò ti ní ẹbí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ilé tí yóò ti máa kó ẹ̀ṣọ́ náà jáde.

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìtàn wíwá ilé yìí hàn nínú rẹ̀ tó Èkó. Ìkànìyàn 1931 fi hàn pé ènìyàn 126,108 ni ó wà ní ìlú náà. Nígbà tí ó di 1950, iye wọn ti di 230,256. Ní 1963, ó ti di 665,246. Ọmọ bíbí nìkan kò lè mú irú ìlọsókè bẹ́ẹ̀ wá. Àlejò ni ó ń wọlé, gbogbo wọn ni ó sì ní láti sùn síbì kan ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó ń mú kí ilé rọ àlejò lọ́rùn ní Èkó, kí sì ni ó ń mú kí ó nira fún un? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé owó ilé ni ó wọ́n. Òótọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ìtàn ìlú náà fi hàn pé nǹkan mẹ́ta mìíràn ni ó ti ń pinnu ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà pípẹ́: ẹni tí ó dúró fún àlejò, bí ilé ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́ tó, àti bí owó ilé ṣe gbọ́dọ̀ jáde, yálà díẹ̀díẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlejò àti Onílẹ̀ Kí Yàrá Yíyá Tó Gbilẹ̀

Kí ìjọba amúnisìn tó dé, àwọn olóyè Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀ ní Èkó. Àlejò tí ó bá fẹ́ jókòó kò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí yàrá. Ohun tí ó máa ṣe ni pé kí ó wá olóyè tàbí baálé kan tí yóò fi ṣe baba ìsàlẹ̀. Baba ìsàlẹ̀ yìí ni yóò fún un ní ibi tí yóò gbé, òun náà ni yóò sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹjọ́ bá dé. Nínú agboolé àwọn ọlọ́lá, àwọn arọ́ta wà, tí wọ́n ń gbé láìsan owó, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ àti ìtẹríba san án. Kò yẹ kí a ka ètò yìí sí inú rere lásán. Púpọ̀ nínú àwọn arọ́ta jẹ́ ẹrú tàbí ọmọ ẹrú, ilé tí wọ́n ń gbé sì wà lára okùn tí ó so wọ́n mọ́ olówó wọn. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹnu ènìyàn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe owó.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ìwé ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé lè ta ilé rẹ̀, ó lè fi dógò, ó sì lè fi yáni. Àwọn Sàró tí wọ́n ti Sẹra Líónì dé ti fi Olówógbówó ṣe ibùjókòó, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì àti Kúbà dé sì wà ní Pópó Àgùdà. Àwọn mọlémọlé àti káfíńtà wà láàrin àwọn Àgùdà yìí, wọ́n sì kọ́ ilé alájà tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Ní 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tí wọ́n sá wá sí Èkó rí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ Gómìnà Glover ní Èbúté-Mẹ́ta. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé kì í ṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń ti ojúlé dé ojúlé béèrè yàrá. Gẹ́gẹ́ bí ìjọ àti ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n ṣe gba ilẹ̀. Ìjọba di baba ìsàlẹ̀ wọn, ẹgbẹ́ wọn sì di onígbọ̀wọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Rélùwéè, Èbúté Ọkọ̀ àti Yàrá Olówó-Oṣù

Iṣẹ́ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé Ìbàdàn ní 1901. Ọdún yìí kan náà ni Afárá Carter so erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ Ìddó. Àgbàlá ìtúnkọ̀ṣe rélùwéè wà ní Èbúté-Mẹ́ta. Nígbà tí ó sì yá, èbúté ọkọ̀ òkun ńlá wà ní Àpápá. Ìṣọ̀kan Àríwá àti Gúúsù ní 1914 sọ Èkó di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà. Akọ̀wé, alágbẹ̀dẹ, alágbàrù àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú náà.

Àwọn onílé rí i pé yàrá ti di ọjà. Ilé tí wọ́n ń kọ́ yí padà. Dípò agboolé tí ó yí àgbàlá ká, wọ́n kọ́ ilé gígùn tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin, tí yàrá sì tò sí ọ̀tún àti òsì. Ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn fún lílò gbogbo ènìyàn. Irú ilé yìí ni àwọn ará Èkó wá ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó jẹ́ ‘kọjú sí mi kí n kọjú sí ọ’. Ẹ̀fẹ̀ náà kò gbọdọ̀ mú kí a gbàgbé ohun tí ilé náà ṣe. Ó pín ilé sí wẹ́wẹ́ débi pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè rí yàrá kan ṣoṣo gbà. Pẹ̀lú èyí, oṣù ni òṣìṣẹ́ ń gbowó, oṣù náà ni ó sì ń san owó yàrá. Bí owó ṣe ń wọlé ni ó ṣe ń jáde.

Síbẹ̀, àlejò kì í bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè kí ó kọjá sínú yàrá tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Ìjẹ̀bú ń wá Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ń wá Ìjẹ̀ṣà. Àwọn Ìgbò àti Haúsá náà kò ṣe ohun tí ó yàtọ̀. Àlejò lè sùn sí pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ní ìdápadà, yóò máa jíṣẹ́, yóò máa pọnmi, yóò sì máa bá onílé rẹ̀ ṣọ́ ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ yá yàrá, ọmọ ìlú yìí ni yóò mú un lọ sọ́dọ̀ onílé, tí yóò sọ pé òun mọ baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé àdéhùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ káàkiri Èkó ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹni tí kò ní ìbátan tòótọ́.

Àjàkálẹ̀ Àrùn, Ilé Wíwó àti Sùúrùlérè

Èrò tí ó pọ̀ nínú ilé díẹ̀ mú ewu wá. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eegbọn ara eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń jà fún ọdún bíi mélòó kan. Àrùn yìí ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ìgbìmọ̀ náà wó ilé ní Òkò Àwo, ó sì la ilẹ̀ ní Yábàá. Ní gbogbo àkókò yìí, Ìkòyí, níbi tí ilẹ̀ ti gbòòrò, jẹ́ ibùgbé àwọn òyìnbó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ọjà gbówó lórí, owó ilé sì gun òkè. Ìjọba gbìyànjú láti fi òfin dè é, ṣùgbọ́n ìnira àwọn òṣìṣẹ́ kò dínkù tó, èyí sì wà lára ohun tí ó fa ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ jù lọ ni ti 1955. Ní ọdún náà, LEDB bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó ilé lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí éékà 70 láàrin ìgboro Èkó, kí wọ́n lè tún un kọ́ ní ọ̀nà ìgbàlódé. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ilé náà mọ́ tónítóní, omi wà níbẹ̀, ìjọba sì dín owó wọn kù. Lójú ẹni tí ó bá ń wo owó ilé nìkan, oore ńlá ni.

Peter Marris, oníwádìí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàrin àwọn ìdílé tí a kó lọ àti àwọn tí ó kù ní ìgboro, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí ìjọba ń retí. Àwọn ìyá oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, nítorí pé iwájú ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kù sí erékùṣù ní láti máa san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí nínú ilé ẹbí rẹ̀ wá di ayálégbé ìjọba. Àwọn àgbà tí ọmọ àti àbúrò ti ń wá kí láàárọ̀ lálẹ́ di ẹni tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Nítorí náà, àwọn kan fi ilé dáradára náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ wá yàrá tí kò tó bẹ́ẹ̀ gbé. Àṣìṣe ètò náà kò sí nínú bíríkì àti sìmẹ́ńtì. Ó wà nínú èrò pé ilé àti ibi tí ilé wà jẹ́ ohun méjì tí a lè yà sọ́tọ̀.

Muṣin àti Onílé tí Ó Jẹ́ Àlejò Àná

Bí ìgboro ti há, àlejò yíjú sí ẹ̀yìn odi. Títí di ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Muṣin wà, kì í ṣe abẹ́ ìlú Èkó. Òfin ilé kíkọ́ kò le níbẹ̀ tó ti ìgboro, ilẹ̀ sì rọrùn láti rà lọ́wọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀. Òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tí ó ti ṣe ayálégbé rí ilẹ̀ rà, wọ́n kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀, wọ́n gbé nínú yàrá kan tàbí méjì, wọ́n sì fi ìyókù yá àlejò tí ó dé lẹ́yìn wọn. Ajégúnlẹ̀ náà gba irú àlejò bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò jìnnà sí èbúté Àpápá.

Nínú ìwé tí Sandra Barnes tẹ̀ jáde ní 1986 lórí Muṣin, ó ṣàlàyé pé ilé níní ni ó ń sọ àlejò di ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àpọ́nlé ní àdúgbò. Onílé ń parí ìjà láàrin àwọn ayálégbé, ó ń bá wọn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé e nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ipò baba ìsàlẹ̀ àtijọ́ ni ó padà wá nínú aṣọ tuntun. Onílé tí ó ń gbé abẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú ayálégbé mọ ìgbà tí owó oṣù pẹ́ dé, ó sì lè ní sùúrù. Ó tún lè ni ayálégbé lára, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́. Àǹfààní àti ewu jọ ń gbé nínú ètò náà.

Owó Epo àti Owó Àsansílẹ̀

Láàrin 1970 sí 1980, owó epo rọ̀bì yí ohun gbogbo padà. Àlejò pọ̀ ju ilé lọ, àwọn onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ọdún kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọra nìkan kọ́ ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ onílé kò rí owó yá ní báńkì láti fi kọ́lé. Owó àsansílẹ̀ ayálégbé ni wọ́n fi ń parí òrùlé tàbí kan àjà kejì. Ọjà tí ń gbówó lórí àti ẹjọ́ tí ń pẹ́ nílé ẹjọ́ tún mú kí wọ́n máa bẹ̀rù owó oṣù. Ní kúkúrú, ayálégbé di báńkì fún onílé láìgba èlé.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní 1976, ìjọba ológun gbé ètò òfin kalẹ̀ láti fi ìwọ̀n sí owó ilé, Ìpínlẹ̀ Èkó sì tún gbé òmíràn jáde ní 1997. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi àṣẹ ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. A kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún àṣà ti 1977, a sì pín ilé rẹ̀ lẹ́yìn náà. Gómìnà Lateef Jakande, láàrin 1979 sí 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Ìbà àti àwọn ibòmíràn. Iṣẹ́ rere ni, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ lára ilé náà. Ṣùgbọ́n ilé rírà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó ti gbilẹ̀ ní Èkó ni ó lè jàǹfààní rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Màrókò ní oṣù keje, 1990, fi òdìkejì hàn. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ wó àdúgbò náà palẹ̀, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn (300,000) ni a sì gbà pé ó pàdánù ibùgbé. Àwọn ènìyàn yìí wà nítòsí Ìkòyí àti Victoria Island níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn díẹ̀ tí a fún ní ilé bá ara wọn níbi tí ó jìnnà, nínú ilé tí a kò tíì kọ́ tán. Ẹ̀kọ́ Sùúrùlérè ti di ohun ìgbàgbé.

Òfin 2011 àti Ìṣirò Àlejò

Ìjọba Àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, 1991, ṣùgbọ́n àlejò kò dẹ́kun wíwá sí Èkó. Ní 2011, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ilé yíyá tuntun. Òfin náà kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀. Apá kan òfin náà ni ó yẹ kí a fi ojú ṣùnnùkùn wò: bí onílé tí ó gba owó náà ti jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé tí ó san án jẹ̀bi. Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn? Àlejò tí ó ń wá ilé kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Òfin náà sì yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí a bá fi yàrá kan tí owó rẹ̀ jẹ́ 20,000 náírà lóṣù ṣe àpẹẹrẹ, owó ọdún méjì jẹ́ 480,000. Bí alágbàtà ilé bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọdún kan, tí owó ìwé àdéhùn sì jẹ́ bákan náà, 48,000 ni àwọn méjèèjì. Bí onílé bá tún gba owó oṣù kan sílẹ̀ nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ di 548,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí Ìjọba Àpapọ̀ fi sí òfin ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba iye yìí lè san 20,000 lóṣù, nítorí pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kí ó kó owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oṣù mẹ́jọ jọ kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Yàrá náà kò ga jù fún un. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó ga.

Àsokágbá

Ìtàn tí a gbé yẹ̀wò yìí fi hàn pé láti 1861 títí di òní, owó ti ń gba ipò ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Baba ìsàlẹ̀ àti ọmọ ìlú ẹni ni ó ń dúró fún àlejò tẹ́lẹ̀. Owó àsansílẹ̀ ni ó wá ń dúró fún un báyìí. Ẹni tí kò bá ní i yóò lọ gbé níbi tí ó jìnnà, yóò sì fi owó ọkọ̀ àti oorun àárọ̀ san ohun tí kò rí san fún onílé.

Àtúnṣe tí ó bá ìtàn mu kò ní jẹ́ fífi òfin dín owó ilé kù nìkan. Àkọ́kọ́, ó yẹ kí onígbọ̀wọ́ padà wá ní ọ̀nà tí ó bá ìgbà mu. Ilé iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè dúró fún òṣìṣẹ́ tuntun, kí wọ́n sì máa yọ owó ilé rẹ̀ lóṣooṣù. Àjọ àti èésú ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún àwọn oníṣòwò láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìkejì, kí òfin má ṣe ka ẹni tí a fi agbára mú san àsansílẹ̀ mọ́ ọ̀daràn. Ìkẹta, kí a máa ka ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Mile 2 àti Màríńnà ní 2023, àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin Agbádó àti Ọ̀yìngbò ní 2024, lè mú ilé tí ó jìnnà súnmọ́ ibi iṣẹ́, bí rélùwéè àkọ́kọ́ ti ṣe fún Èbúté-Mẹ́ta. Bí ìjọba kò bá tètè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ nítòsí ibùdókọ̀ wọ̀nyí fún yàrá olówó-oṣù, owó ilé ibẹ̀ yóò gun òkè, àlejò yóò sì tún kó ẹrù rẹ̀ síwájú sí i.

Ní ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń jáde ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, tí a sì ń rán wọn lọ sí ìlú tí wọn kò dé rí. Olùkọ́ tí kò tíì rí ibi sùn kò lè fi ọkàn balẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn Yorùbá sọ pé Èkó gbolè, ó gbọ̀lẹ. Ìlú tí ó lè gba irú àwọn méjèèjì yìí kò yẹ kí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ wá ṣiṣẹ́.